Gbé Ẹrù Lé E Ná

Ní Alvani, lábẹ́ òkè Kọ́kásù,
níbi tí àgùntàn ti ń sọ̀ kalẹ̀ wá kí yìnyín tó dí ọ̀nà,
bàbá mi ra ákísù méjì lọ́wọ́ Bidzina.
Lára ọkọ̀ sójà ni wọ́n ti tú u,
ọkọ̀ tó ti kú sẹ́yìnkùlé Bidzina
tí adìyẹ ń yé sórí àga awakọ̀ rẹ̀.

Bàbá mi àti Bidzina kì í kí ara wọn.
Ọ̀rọ̀ ààlà ọgbà àjàrà ni, ó pé ọdún mọ́kànlá.
Èmi ni mo gbé owó lọ, èmi ni mo gbé èsì bọ̀:
"Sọ fún un pé ó ga ju tirẹ̀ lọ. Ó sì fẹ̀ jù ú lọ."
Bàbá mi ní, "Ohun tí mo ń wá nìyẹn."

Ó fẹ̀ lóòótọ́.
Nígbà tí a tì í sábẹ́ mọ́tò Rọ́ṣíà wa ògbólógbòó,
táyà yọ síta lọ́tùn-ún lósì
bí ẹsẹ̀ ọmọdé nínú bàtà àgbà.

Mo di iná mú. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí,
ọwọ́ mi ń run gíríìsì àti wàràkàṣì.

Sípíríǹgì wà nílẹ̀, irin pẹlẹbẹ méje,
èyí tó gùn jù lókè, èyí tó kúrú jù nísàlẹ̀,
bí ọmọ ìyá tó sùn pọ̀ sórí ẹní kan,
kálukú tẹ̀ díẹ̀ kí èkejì lè ráyè.
Èyí tó bá kọ̀ tí kò tẹ̀ ni yóò kán.
Bàbá mi ha ìpẹtà wọn,
ó fi gíríìsì pa wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń pa ọmọ tuntun lára.

Àmọ́ ibi tí ákísù tẹ́ ìjókòó sí
kọ́ ni ibi tí sípíríǹgì wa fẹ́ jókòó.
Ìka mẹ́ta ni wọ́n fi yẹ̀ síra.
A gé ìjókòó àtijọ́ dànù. Iná ta, ajá sá.
A gbé tuntun lé e,
orí bóòtù àárín wọ ihò rẹ̀, ó dún kọ́,
mo gbọ́ ọ nínú eyín mi.

Mo ní, "Ẹ má tíì jó o pọ̀ pátápátá.
Ẹ sọ mọ́tò kalẹ̀ ná, kó fẹsẹ̀ tilẹ̀.
Sípíríǹgì tí kò tíì rẹrù, irọ́ ló ń pa."
"Ta ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀?"
Mo pa ẹnu mọ́.
Ó mọ ẹni tó kọ́ mi. Ó jó o.

A kọrí sí ọ̀nà Abano.
Ní ogójì, jẹ́jẹ́. Ní ọgọ́ta,
ilẹ̀ mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bí ológbò tí a tẹ̀ nírù:
imú ákísù wòkè jù, ọrùn ṣáfútì wọ́.
Bàbá mi dúró létí odò, ó wo omi títí,
ó yí orí mọ́tò padà.

Ó kọjá ilé wa.
Ó fọn fèrè lẹ́nu géètì Bidzina.
Ọkùnrin náà ti dúró síbẹ̀, ẹ̀rọ ìgérin lọ́wọ́;
gbogbo Alvani ló ti gbọ́ ìkùn náà.
Kò sẹ́ni tó kí ẹnì kan.

A kó àpò iyọ̀ àgùntàn mẹ́sàn-án sẹ́yìn mọ́tò,
ìyá mi gùn ún, èmi náà gùn ún,
sípíríǹgì mí kanlẹ̀, ó wálẹ̀, ó sọ òtítọ́.
Bidzina wọ abẹ́ rẹ̀ lọ.
Ó na ọwọ́ síta láìsọ̀rọ̀,
bàbá mi fi ọ̀pá ìjórin sí i.

Ọ̀rọ̀ ààlà kò tíì tán títí dòní.
Àpá ìjórin àkọ́kọ́ náà ṣì wà lára ákísù;
bí mo bá ń pààrọ̀ ọ́ìlì,
àtàǹpàkò mi a máa kọsẹ̀ lára rẹ̀.